Ẹ má yọ Jacob Lawrence sílẹ̀

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí àwọn gbajúgbajà ayàwòrán Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún tó kọjá. Mo rí Pollock, mo rí Rothko, mo rí Warhol. Ó dùn mí pé mi ò rí Jacob Lawrence, ẹni tó bá wa gbé rí.

Ní 1941 ló parí àwòrán 60 nípa àwọn aláwọ̀ dúdú tó kó kúrò ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lọ sí ti àríwá. Ọmọ ọdún 23 ni. Ó tẹ́ gbogbo pátákó tó yà wọ́n sí sílẹ̀ pọ̀. Bó bá po àwọ̀ kan, á fi kùn ún kárí wọn kó tó po òmíràn. Ìdí nìyẹn tí pupa inú ti àkọ́kọ́ kò fi yàtọ̀ sí ti ìgbẹ̀yìn.

Ìdajì wọn wà ní Phillips Collection, ilé àfihàn àwòrán kan ní Washington, ibẹ̀ sì ni ọmọ mi mú mi lọ. Nọ́ńbà 57 ló dá mi dúró. Obìnrin alágbàfọ̀ ni, aṣọ funfun ló wọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá gígùn mú, ó ń fi ro aṣọ aláràbarà nínú omi. Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta ni ìyá mi ti ṣiṣẹ́ aró. Bó ṣe máa ń di ọ̀pá mú nìyẹn, tí agbára á máa ti ẹ̀yìn wá, tí kò ní jẹ́ ti ọwọ́ nìkan. Mo dúró títí ọmọ mi fi ní, “Màámi, ṣé kò sí o?” Mi ò lè dá a lóhùn.

Yàrá Rothko wà nínú ilé kan náà. Mo jókòó síbẹ̀, àwọ̀ náà fi mí lọ́kàn balẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tí mo lè kí.

Ní 1962 ni Lawrence kó àwòrán rẹ̀ wá sí Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán, l'Ékòó àti n'Ìbàdàn. Ní 1964, ó padà wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Gwendolyn Knight, tóun náà jẹ́ ayàwòrán, wọ́n sì lò tó oṣù mẹ́jọ. Ọjà wa ló yà sínú “Street to Mbari”: òrùlé páànù, aṣọ lóríṣiríṣi, èrò tí ń forí ru ẹrù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tẹ àwòrán yẹn jáde, kó ní àwọ̀ rẹ̀ pé. Bóyá òǹkàwé yín kan ṣì wà tó rí i níbi tó ti ń yà á.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Abẹ́òkúta