Lẹ́tà sí Àyìnkẹ́, tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú owó ìfẹ̀yìntì

Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Olúwa yóò jẹ́ kó tù ọ́ lára. Bàbá rẹ ti ṣe àdúrà tirẹ̀ lórí fóònù. Èmi ní kí n kọ ìmọ̀ràn sílẹ̀, kí o lè máa padà sí i nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀.

Ohun kan ni mo fẹ́ kó dúró sí ọ lọ́kàn: kí o tó ní èrò nípa ohun tó yẹ kí àpò owó ìfẹ̀yìntì tó wà lọ́wọ́ yín rà, mọ iye tó wà nínú rẹ̀, àti ọjọ́ tí owó yóò wọlé tàbí tí yóò jáde. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọṣẹ́ yìí máa ń sáré lọ sídìí ṣíà wo ni yóò gbówó lórí. Fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ fúngbà díẹ̀. Tìrẹ ni pé kí ìṣirò tí ọ̀gá ń gbára lé má yẹ̀.

Fund III, ọ̀kan nínú àwọn àpò tí wọ́n pín owó ìfẹ̀yìntì sí, ni wọ́n fi ọ́ sí. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti pé 50 ọdún sókè tí wọn kò tíì fẹ̀yìn tì ló ni ín. Àwọn tí kò tíì tó 50 wà ní Fund II, àyàfi tí wọ́n bá fúnra wọn yan Fund I. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì wà ní Fund IV. Láti oṣù keje 2018 ni PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ti pín in báyìí. Ẹni tó ku ọdún márùn-ún kó fẹ̀yìn tì kò ráyè dúró de ọjà tó bá ṣubú. Ní oṣù kẹta 2008, òǹkà gbogbo ṣíà (All-Share Index) ní ọjà ṣíà Èkó lé ní 66,000. Ní bí ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ó ti já wálẹ̀ sí bí 20,000. Ó di 2023 kó tó tún kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ tó jẹ́ ẹni ọdún 45 nígbà yẹn ti di ẹni 60. Òótọ́ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń san èrè ìpín fún àwọn tó ni ṣíà láàárín àsìkò náà, àmọ́ ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún ẹni tí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bọ́ sí àárín ìjábọ́ yẹn? Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ló wà lẹ́yìn gbogbo nọ́ńbà tí o máa tẹ̀ sínú Excel.

Iye owó tó wà nílẹ̀ ni kí o fi máa bẹ̀rẹ̀ àárọ̀. Kọ́sítódíà ló ń di owó àti dúkìá mú, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ yín. Òfin ló yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹni tó ń pàṣẹ lórí owó má baà tún jẹ́ ẹni tó ń kó o pamọ́. Jẹ́ ká ní láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kọ́sítódíà kọ̀wé pé mílíọ̀nù 85 náírà wà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì ẹ ti ra ṣíà mílíọ̀nù 50, tí ẹ ó san owó rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bí ó bá jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ méjì lẹ́yìn rírà ni wọ́n ń san owó ṣíà. Mílíọ̀nù 22 sì tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ san lónìí fún àwọn tó ń kó àkáǹtì wọn lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn. Mílíọ̀nù 13 péré ni ẹ lè ná. Ní Ọjọ́bọ̀, Treasury Bills (owó tí ẹ yá ìjọba fún ìgbà kúkúrú) mílíọ̀nù 30 yóò pé. Bí ọ̀gá bá fẹ́ fi mílíọ̀nù 40 du Treasury Bills tuntun lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ó ṣeé ṣe, nítorí Ọjọ́bọ̀ kan náà ni ẹ ó san án, mílíọ̀nù 3 ni yóò sì ṣẹ́kù. Bí o bá gbé 85 síwájú ọ̀gá láìyọ ìyókù, yóò ra ohun tí àpò kò lè san, kọ́sítódíà yóò sì dá àṣẹ náà padà.

Ohun tó máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́ kò pọ̀. Ọlidé ni ọ̀kan. Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀ ń tẹ̀ lé oṣù, ìjọba sì lè fi ọjọ́ kan kún un nígbà tó bá ti sún mọ́ tán. Gbogbo ọjọ́ ìsanwó yóò sún síwájú, owó tí o ń retí ní Ọjọ́bọ̀ á di ti ọjọ́ Ajé. Èkejì ni kíkó àkáǹtì lọ sí ibòmíràn, tí PenCom ṣílẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2020: oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe é, owó ńlá sì lè jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fi ọjọ́ wọ̀nyẹn sára kàlẹ́ńdà rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Treasury Bills ní ìṣirò tirẹ̀ tó máa ń ṣi àwọn ọmọ tuntun lọ́nà, nítorí iwájú ni wọ́n ti ń yọ èlé rẹ̀. Bí wọ́n bá tà á ní 18 nínú 100 fún ọjọ́ 364, fi 364 sọ 18 di púpọ̀, kí o fi 365 pín in: 17.95 nìyẹn. Yọ ọ́ nínú 100, ó ku náírà 82.05 tí ẹ ó san. Lórí 82.05 yìí ni kí o ti wo èrè, kì í ṣe lórí 100, ìyẹn 21.94 nínú 100 lọ́dún. Bí báńkì kan bá wá ní òun yóò san 20 lórí owó tí ẹ bá fi pamọ́ sọ́dọ̀ òun fún ọdún kan, ẹni tó fi 18 wé 20 yóò gbé owó lọ fún báńkì, àṣìṣe ló sì ṣe.

Bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀, ìyẹn owó tí ẹ yá ìjọba fún ọdún púpọ̀, ń san èlé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ká ní ẹ ra mílíọ̀nù 100 tí èlé rẹ̀ jẹ́ 16 nínú 100, ní ọjọ́ 90 lẹ́yìn tí wọ́n san èlé gbẹ̀yìn, nínú ìdajì ọdún tó ní ọjọ́ 182. Ẹni tó ń tà á ló ni èlé ọjọ́ 90 yẹn. Èlé ìdajì ọdún jẹ́ mílíọ̀nù 8; fi 90 sọ ọ́ di púpọ̀, kí o fi 182 pín in: mílíọ̀nù 3.96 ni ẹ ó san lé iye tí bíróòkà, ẹni tó ń bá yín rà tàbí tà lọ́jà, pè. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ yóò rò pé bíróòkà rẹ́ òun jẹ, tàbí kí owó má tó lọ́jọ́ ìsanwó.

Kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò duration pẹ̀lú, ìyẹn ìwọ̀n bí iye bọ́ǹdì ṣe ń já tó bí èlé ọjà bá gòkè. Bí ti bọ́ǹdì kan bá jẹ́ 5, tí èlé ọjà sì fi 2 nínú 100 gòkè, iye bọ́ǹdì náà yóò já ní bí 10 nínú 100. Lórí bílíọ̀nù 1, mílíọ̀nù 100 ti lọ. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ó dì í mú títí yóò fi pé, àdánù náà kò ní hàn nínú ìwé. Má jẹ́ kí ìyẹn fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀ jù. Ọjọ́ tí ẹ bá nílò owó tí ẹ sì fẹ́ tà á, gbogbo rẹ̀ yóò hàn lójú kan.

Ọ̀rọ̀ kíkọ àṣẹ sí bíróòkà ń jẹ mí lógún ju gbogbo èyí lọ. Kọ ọ́ báyìí: “RÀ. Orúkọ ilé-iṣẹ́. Ṣíà 200,000. Má san ju náírà 41.50 lọ. Àròpọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mílíọ̀nù 8.3 lọ. Òní nìkan. Fund III.” Iye ṣíà àti iye owó gbọ́dọ̀ jọ wà níbẹ̀. Ẹni tó ní mílíọ̀nù 8 náírà lọ́kàn, tó wá tẹ 8,000,000 síbi iye ṣíà, ti pàṣẹ mílíọ̀nù 332. Bí àròpọ̀ bá wà lábẹ́ rẹ̀, bíróòkà yóò rí i pé méjèèjì kò bára mu, yóò sì pè ọ́. Kí o tó fi ránṣẹ́, ka á sókè fún ẹni tó jókòó tì ọ́. Oókan là ń kà ká tó ka eéjì.

Kí ẹ tó ra ṣíà kan, bi ara rẹ pé ọjọ́ mélòó ni ẹ máa fi tà á. Bí ẹ bá ní ṣíà mílíọ̀nù 3, tí ọjà ń ta ṣíà 150,000 lójúmọ́, tí ẹ kò sì fẹ́ ju ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lọ kí iye má baà já nítorí yín, 30,000 ni ẹ lè tà lọ́jọ́ kan. Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ọjà nìyẹn, bí oṣù márùn-ún. Ṣíà kò sì gbọ́dọ̀ já ju 10 nínú 100 lọ lójúmọ́ ní ọjà wa. Bí ìròyìn burúkú bá dé, yóò já láti 100 sí 90, sí 81, sí 72.90, kí ẹ má sì rí ẹnì kan tó ń rà.

Ṣọ́ ọjọ́ tí wọ́n ń yọ èrè ìpín kúrò lára iye ṣíà. Bí iye bá ti já tí ìwọ kò sì kọ owó tó ń bọ̀ sílẹ̀, àpò yóò dà bíi pé ó pàdánù. Bẹ́ẹ̀ náà ni bónọ́ọ̀sì, ṣíà ọ̀fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ń fún àwọn tó ti ní ṣíà rẹ̀: ọ̀kan lórí mẹ́rin sọ ṣíà 400,000 di 500,000.

Ìdiwọ̀n PenCom náà ńkọ́? Ẹ lè rú u láìra ohunkóhun. Bí ààlà ilé-iṣẹ́ kan bá jẹ́ 5 nínú 100 àpò, tí ẹ wà ní 4.6, tí ṣíà yẹn nìkan bá fi 10 nínú 100 gbówó lórí, ẹ ti kọjá ààlà. Wò ó ní ìparí ọjà lójoojúmọ́.

Bí o bá ṣe àṣìṣe, sọ fún ọ̀gá rẹ láàárín ìṣẹ́jú tí o rí i, kí o sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn compliance, àwọn tó ń rí i pé ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀ lé òfin. Má ṣe tà á padà ní ìkọ̀kọ̀ láti bò ó mọ́lẹ̀. Àdánù kékeré tí a sọ jẹ́ àṣìṣe. Èyí tí a fi pamọ́ ti di ẹjọ́.

Níkẹyìn, ọmọ mi, ohun tí àpò fẹ́ rà tàbí tà kò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu rẹ, pàápàá nínú WhatsApp ẹbí. Àbúrò bàbá rẹ yóò bi ọ́ léèrè pé kí lòun lè rà. Sọ fún un pé “Ẹ máà bínú, sà, iṣẹ́ mi kò gbà á.” Èmi náà, má sọ fún mi. Bí o bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mú kalikulétọ̀ rẹ dání, a ó fi nọ́ńbà tí a fọwọ́ ara wa hun ṣírò bọ́ǹdì mẹ́ta lórí tábìlì, kí ẹ̀bà tó jiná.

Èmi ni ìyá rẹ.