"Ta ni èmi?" kì í ṣe ọfọ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ bá wa sọ fún àwọn òǹkàwé yín pé ìbéèrè "Ta ni èmi?" tí Ramana Maharshi, olùkọ́ àṣàrò nínú ẹ̀sìn Híńdù, fi kọ́ni ní Tiruvannamalai, ní gúúsù Íńdíà, títí ó fi kú ní 1950, kì í ṣe ọfọ̀. Ẹni tó ń pè é lápètúnpè kàn ń dá ẹnu lágara ni. Bí èrò bá yọjú, bíi "gbèsè yẹn ńkọ́?", ẹ má tẹ̀ lé e. Ẹ bi ara yín pé: ta ló ń rò ó? Èmi ni. Ta wá ni èmi ọ̀hún? Ẹ má fèsì o. Èsì ẹnu, ì báà jẹ́ "èmi ni Brahman" (orúkọ tí àwọn Híńdù ń pe òtítọ́ tó ga jù lọ), èrò mìíràn ni. Ibi tí "èmi" ti ń súyọ ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bí oorun bá gbé yín lọ, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá jí.

Àwa òǹkàwé yín