Ka ohun tó wà lẹ́yìn páálí oògùn rẹ

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Pẹ̀lẹ́ o, ara á yá. Oògùn mẹ́ta tí o ní o ń lò pọ̀ fún ọ̀fìnkìn àti orí fífọ́ yẹn ló jẹ́ kí n tètè fèsì. O ní kò sí èyí tó le nínú wọn, torí wọ́n ń tà á láìbéèrè ìwé dókítà. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i rárá.

Jọ̀ọ́, kó páálí wọn jọ. Má wo orúkọ gàdàgbà tó wà níwájú, ẹ̀yìn ni kí o kà, níbi tí wọ́n kọ èròjà inú rẹ̀ sí. Wá paracetamol níbẹ̀, torí ó lè wà nínú ju ẹyọ kan lọ nínú wọn. Bí o bá rí acetaminophen, òun náà ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lò ju 4,000mg lọ láàárín wákàtí 24, ìyẹn hóró 8 tó jẹ́ 500mg. Hóró méjì lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ti gbé ọ débẹ̀. Bí oògùn ọ̀fìnkìn tí ò ń pò mọ́ omi gbígbóná bá tún ní 500mg, tí o mu ún lẹ́ẹ̀mẹta, ó di 5,500mg, a ò sì tíì ka oògùn kẹta tí ò ń lò lálẹ́ mọ́ ọn. Ẹni tí kò tó kílò 50, ẹni tó ń mutí gan-an àti ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ dáadáa, tiwọn tún gbọ́dọ̀ dín sí i.

Ẹ̀dọ̀ ló ń pín paracetamol yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń di májèlé, àmọ́ ẹ̀dọ̀ ní èròjà kan, glutathione, tó ń ká a lọ́wọ́ kò. Bí oògùn bá pọ̀ jù, glutathione á tán, májèlé yẹn á wá dojú kọ ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé kì í tètè hàn. Lọ́jọ́ kìíní, èébì lè kàn máa gbé èèyàn, tàbí kí ara dá ṣáká. Ó lè di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta kí abẹ́ ìhà ọ̀tún tó máa ro ó, kí ẹyinjú tó pọ́n rúsúrúsú. Acetylcysteine ni oògùn tó ń bá a jà, láàárín wákàtí 8 àkọ́kọ́ ló sì ń ṣiṣẹ́ jù. Nítorí náà, ẹni tó bá ti lò ó jù, ọsibítù ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀, ara ì báà le koko.

Má wá fi ibuprofen tàbí diclofenac, tí wọ́n jẹ́ oògùn ìrora mìíràn, rọ́pò rẹ̀ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà o. Wọ́n ń dí èròjà tó ń dáàbò bo awọ inú ikùn, tó sì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé kíndìnrín dáadáa. Ọgbẹ́ inú lè ṣẹ̀jẹ̀ láìdun èèyàn. Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà ló máa tú u fó. Má fún Màmá ní ọ̀kankan nínú wọn fún orúnkún láìbi dókítà wọn léèrè, torí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò. Bí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá tún wá gbẹ omi ara wọn, kíndìnrín lè daṣẹ́ sílẹ̀.

Ti orí tó ń fọ́ ọ lójoojúmọ́ ńkọ́? Oògùn yẹn gan-an lè wà nídìí rẹ̀. Ẹni tí orí sábà máa ń fọ́, tó wá ń lo paracetamol tàbí ibuprofen fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, tó sì ju oṣù mẹ́ta lọ, oògùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í fa orí fífọ́ fún un. Tí codeine, oògùn ìrora líle tó lè di bárakú, bá wà nínú rẹ̀, ọjọ́ 10 ti tó. Bí o bá dá a dúró, orí náà á kọ́kọ́ le sí i fún ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó rọlẹ̀. Àárín ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sá padà sídìí oògùn. Àmọ́ tó bá jẹ́ ti codeine, má dá a dúró lójijì, jẹ́ kí dókítà bá ọ dín in kù.

Bí o bá tún ń fín oògùn símú láti fi ṣí imú dídí, kó má ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, torí lẹ́yìn ìyẹn òun fúnra rẹ̀ ló ń dí imú.

Láti òní lọ, máa kọ ọjọ́ tí orí bá fọ́ ọ sílẹ̀, ohun tí o lò àti iye mg rẹ̀, kí o mú ìwé náà dání lọ bá dókítà. Kọ ohun tó wà lẹ́yìn páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí èmi náà, ká jọ ṣírò rẹ̀.

Bá mi kí Màmá.

Èmi ni tìrẹ,
Fọlákẹ́