Gàrí Olóòórùn Èéfín

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ Alárè,

Mo kí yín o. Mo gbọ́ pé ẹ ti ń kó ara yín jọ láti kọ̀wé sí ìjọba, kí wọ́n bá wa mú ilé-iṣẹ́ ńlá wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, kí àwa náà lè bá Ṣágámù díje. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ bí oníbàárà mi kan ṣe bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ta gàrí. Ẹ mọ̀ pé gàrí tiwa yàtọ̀: a ó jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mẹ́ta, ìgbà mìíràn ọjọ́ márùn-ún, a ó sẹ́ ẹ kó kúnná, a ó yan án kó gbẹ dáadáa. Òun ló jẹ́ kí ará Èkó máa fi orúkọ Ìjẹ̀bú béèrè rẹ̀. Obìnrin kan wà ní Èkó tó máa ń kó ogún àpò lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ìgbà tó yá, àwọn èèyàn sọ ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń yan gàrí di ààtàn, wọ́n sì ń dáná sun ún nírọ̀lẹ́. Ọ̀rá, ike, bàtà àlòkù, gbogbo rẹ̀ ló ń jó pọ̀. N kò sọ nǹkan kan. Ṣebí èmi náà ń rán ọmọ lọ da tiwa síbẹ̀. Obìnrin yẹn pè mí lẹ́ẹ̀mejì pé òórùn èéfín ń jáde lára gàrí. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, kò pè mọ́. Ó ti rí ẹlòmíràn lọ́nà Ìkòròdú. Kò bá mi jà, kò fi mí sùn, ó kàn lọ.

Báyìí náà ni oníbàárà ìlú ṣe ń lọ. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìtura ń wo gọ́tà wa. Dọ́kítà tí a fẹ́ kó wá bá wa gbé ń ronú ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò ti máa ṣeré. Ẹ wo Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá. Ní 2024, àwòrán àwọn ẹlẹ́ṣin àti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa gba gbogbo ayé kan. Aránṣọ jẹ níbẹ̀, onílé ìtura jẹ níbẹ̀, ọlọ́kadà gan-an jẹ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì wá mọ́, ọ̀rá píọ́ wọ́tà ló bo ojú títì. Àlejò tó sùn mọ́jú kò fọ́jú.

Ẹ gbọ́ ti Singapore. Odò tó gba àárín ìlú wọn dúdú nígbà kan. Ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀gbin èèyàn àti ìdọ̀tí àwọn olóúnjẹ ojú títì ló ń ṣàn sínú rẹ̀. Ní 1977, Lee Kuan Yew tó jẹ́ olórí ìjọba wọn fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ọdún mẹ́wàá pé kí odò náà mọ́. Ní 1987, ó mọ́. Bíi mílíọ̀nù 170 dọ́là tiwọn ni wọ́n ná. Lónìí, báńkì àti ilé oúnjẹ ló wà létí odò yẹn. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé wọn kò kàn lé àwọn olóúnjẹ dànù, wọ́n kọ́lé ọjà tó ní omi ẹ̀rọ àti gọ́tà fún wọn. Níhìn-ín, a ó ti fọ́ ìsọ̀ ìyá arúgbó tán ká tó rántí pé kò ní ibòmíràn.

Ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè sọ fún mi pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Harvard, Michael Porter, kọ ọ́ ní 1991 pé òfin àyíká tó le, bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ dáadáa, a máa jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ rí ohun tó ti ń fi ṣòfò, kó sì lè borí àwọn tí wọ́n jọ ń tajà. Ọmọ náà ní àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan kò gbà fún ọ̀jọ̀gbọ́n yìí títí dòní. Èmi gba ìdajì.

Ìdajì tí mo gbà ni ti èèpo pákí. Ọdún gbọọrọ ni mo fi ń sanwó fún ọmọ oníkẹ̀kẹ́ kó bá mi lọ da èèpo nù, yóò sì jẹrà, yóò máa rùn. Àṣé àwọn ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ILRI àti IITA, ní Ìbàdàn ti ṣe é yanjú: wọ́n á lọ èèpo náà, wọ́n á fún omi rẹ̀ kúrò, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sá a, ó di oúnjẹ adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀. Tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù ń di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1 oúnjẹ ẹran. Owó ni mo ń fi owó gbé dà nù! Ti omi tí jáàkì ń fún jáde lára pákí ló burú jù. Májèlé sáyánáìdì wà nínú rẹ̀. Ibi tó bá dúró sí, koríko a kú, bó bá wọ odò, ẹja a léfòó.

Ìdajì kejì ni mo kọ̀. Bí ìjọba bá rán wolé-wolé wá bu owó ìtanràn lé wa, tí kò sí gọ́tà, tí kò sí ọkọ̀ akólẹ̀, orí kọ́ńgò gàrí la ó gbé owó náà lé, a ó sì tún sun ààtàn lóru.

Ó wá ku ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ṣágámù ní oríta tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà Benin. A kò lè gbé oríta gbàlejò. Omi tó mọ́ àti ilẹ̀ tí kò bàjẹ́ ni àwa lè fi pe èèyàn, nítorí náà, bí wọ́n bá dé, ẹ má kọ́kọ́ béèrè iye ọmọ tí wọn yóò gbà síṣẹ́. Ẹ béèrè ibi tí omi ìdọ̀tí wọn yóò gbà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kànga ni púpọ̀ nínú wa ń mu.

Ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀rọ láàárín yín, kó wá wo òkìtì èèpo tó wà lẹ́yìn búkà wa. Kó wá lọ́sàn-án, oorun ni mò ń sùn láàárọ̀ báyìí. Kó wọ bàtà òjò. Ibẹ̀ ń yọ̀.

Èmi ni, ìyá yín, ní Ìjẹ̀bú-Òde.