Lẹ́tà sí Màmá lórí ọ̀nà tí wọn yóò gbà dé York

York, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,
Ọjọ́ Àìkú, oṣù Ẹrẹ́nà.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ilé, ẹ kú àdúrà orí wa. Oorun kò kùn mí mọ́ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí àbúrò mi pè láti sọ pé físà yín ti jáde, nítorí ayọ̀. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé ọkàn yín kò balẹ̀ lórí bí ẹ ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, pé ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ fún yín pé kò sí bàlúù tí ó ń já èrò sí York, àti pé ẹ ti ń gbèrò láti jókòó sí Lọ́ńdọ̀n kí èmi àti àwọn ọmọ wá máa bá yín níbẹ̀. Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni ẹni náà sọ nípa bàlúù, ṣùgbọ́n ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè ni yín, ìlú tí mo ń gbé yìí sì jẹ́ ìlú rélùwéè láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn ó dín díẹ̀. Rélùwéè ni mo fẹ́ kí ẹ bá wọ̀ ọ́.

Láti kékeré wa ni ẹ ti ń sọ bí Bàbá Ọ̀fà ṣe máa ń wọ aṣọ kákí wọn kí àkùkọ tó kọ, tí wọn yóò gbé àtùpà dání lọ sí ibùdókọ̀, àti bí ó ṣe jẹ́ pé fèrè ọkọ̀ ni ẹ̀yin ọmọ fi ń mọ̀ pé ọ̀sán ti pọ́n. Mo fẹ́ kí ẹ rí ibùdókọ̀ York. Ọdún 1877 ni wọ́n ṣí èyí tí à ń lò lónìí. Inú odi ìlú ni ti àtijọ́ wà, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti wọ ibẹ̀ kì í rí ọ̀nà gbà kọjá. Ẹ̀yìn ni yóò fi rìn jáde kí ó tó lè máa lọ sí ìhà àríwá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ òmíràn sí ìta odi. Ojú irin inú rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, òrùlé onírin àti onígíláàsì tí ó ga fíofío sì tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró lábẹ́ rẹ̀, Bàbá Ọ̀fà ni mo rántí.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ kí ẹ gbà nìyí. Kí ẹ wọ bàlúù tí ó ń ti Èkó lọ tààrà sí Heathrow ní Lọ́ńdọ̀n, ìrìn wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ní pápákọ̀ òfurufú náà gan-an ni ẹ ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Piccadilly, yóò sì gbé yín dé King's Cross ní nǹkan bí wákàtí kan láìjẹ́ pé ẹ yí ọkọ̀ padà. Ọ̀nà mìíràn wà tí ó yá ju ìyẹn lọ, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2022 tí wọ́n sì fi orúkọ Ọbabìnrin Elizabeth pè, ṣùgbọ́n ẹ ó ní láti sọ̀ kalẹ̀ ní Farringdon kí ẹ tún wọ òmíràn, mi ò sì fẹ́ kí ẹ máa fa ẹrù sókè sódò. Líìfùtì wà ní Heathrow, ó sì wà ní King's Cross, nítorí náà orúnkún yín kò ní bá àtẹ̀gùn pàdé.

Láti King's Cross sí York tó nǹkan bí 300 kìlómítà, bí ẹni ti Èkó lọ sí Ìlọrin, síbẹ̀ wákàtí méjì ni ọkọ̀ ń rìn ín. Orúkọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ gbẹ̀yìn ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sí ojú pátákó, ó sì lè jẹ́ Newcastle tàbí Edinburgh. Kí àbúrò mi ka orúkọ àwọn ibi tí yóò ti dúró lọ́nà, nítorí kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tí ń lọ sí ìhà ibẹ̀ ló ń dúró ní York. Ìgbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ọkọ̀ gbéra ni wọ́n tó máa ń kéde ibi tí ó gúnlẹ̀ sí, gbogbo èrò yóò sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí wọ́n lé. Ẹ má bá wọn sáré. Tí ẹ bá ti jókòó, ojú fèrèsé ni kí ẹ wà, ilẹ̀ pẹrẹsẹ àti àgùntàn ni ẹ ó máa rí títí. Nígbà tí ilé ìṣọ́ Minster, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú wa, bá yọ lókèèrè, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í so gèlè yín dáadáa.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí ó ti dùn mí rí. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Advance ni owó rẹ̀ kéré jù, wọ́n sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjìlá ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà fún; bí ẹ bá pẹ́ dé, ó ti di ìwé lásán. Nígbà tí mo ń ti ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi bọ̀, bàlúù tí mo wọ̀ pẹ́ kí ó tó gbéra ní Èkó, ìlà àwọn tí ń yẹ pásípọ́ọ̀tù wò sì gùn. Mo dé King's Cross ní ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ọkọ̀ mi ti lọ. Mo pọn ọmọ sẹ́yìn, mo dúró níwájú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, mo san owó tuntun tí ó tó ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní ra Advance fún ọjọ́ tí ó bá ń ti Nàìjíríà bọ̀. Off-Peak ni n ó rà fún yín, èyí tí ó jẹ́ pé bí ẹ bá pẹ́, ẹ lè wọ èyí tí ó tẹ̀ lé e, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti bọ́ sí àkókò tí èrò pọ̀ jù. N ó tún ra káàdì àwọn tí ó ti pé ọgọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún yín, tí yóò yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà kúrò. Nígbà tí ẹ bá ń padà lọ, Advance kò burú mọ́, nítorí láti ilé ni ẹ ó ti gbéra.

Mo ti kọ̀wé sí àwọn rélùwéè pẹ̀lú pé kí òṣìṣẹ́ wọn kan fi kẹ̀kẹ́ arọ dúró dè yín ní King's Cross. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Màmá, mo mọ̀ pé ẹ ó ní ẹ̀yin kì í ṣe arọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kì í ṣe arọ, ṣùgbọ́n àrìnká inú ibùdókọ̀ yẹn pọ̀ fún ẹni tí kò sùn lóru, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ gbà fún wọn.

Àbúrò mi ń sọ̀rọ̀ Manchester nítorí pé tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù rẹ̀ lè dínwó. Kò ṣì sọ: ibùdókọ̀ rélùwéè wà ní pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀, ọkọ̀ sì ń ti ibẹ̀ wá sí York tààrà ní nǹkan bí wákàtí méjì, tí yóò gba àárín àwọn òkè Pennine kọjá. Ibẹ̀ ni ìbá wù mí jù bí kì í bá ṣe pé kò sí bàlúù tí ó ń ti Èkó lọ síbẹ̀ láìdúró. Ní Istanbul tàbí Doha tàbí Amsterdam ni ẹ ó ti yí bàlúù padà, àwọn ilẹ̀ Yúróòpù mìíràn sì máa ń béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà tí kò tilẹ̀ ní jáde kúrò ní pápákọ̀ òfurufú wọn. Wọ́n tún ń ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ojú irin náà, bọ́ọ̀sì ni wọ́n sì ń fi rọ́pò ọkọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ mìíràn. Leeds Bradford ni pápákọ̀ òfurufú tí ó súnmọ́ wa jù, ṣùgbọ́n kò ní rélùwéè rárá.

Ní ti bọ́ọ̀sì láti Victoria ní Lọ́ńdọ̀n, mi ò ní gbà. Òun ni mo wọ̀ wá ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, nítorí kò wọ́n. Ó ju wákàtí márùn-ún lọ. Orí itan mi ni mo gbé àpò gàrí tí ẹ dì fún mi lé, nítorí mo ń bẹ̀rù kí ó má tú sínú ẹrù ẹlẹ́rù. Ẹsẹ̀ mi wú tó bẹ́ẹ̀ tí okùn bàtà mi kò so mọ́ nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Ẹ̀yin ti pé méjìdínláàádọ́rin. Ìbátan wa tí ó ní òun yóò fi mọ́tò gbé yín wá náà ṣeun, àmọ́ wákàtí mẹ́rin ni bí ọ̀nà bá dá, ọ̀pọ̀ òpópónà àárín ìlú York kì í sì í gba mọ́tò ní ọ̀sán, ẹ̀yìn ìlú ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbé e kalẹ̀ kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì wọlé.

Bí ẹ bá ti jáde ní ibùdókọ̀, odi ìlú ni ẹ ó kọ́kọ́ rí lórí òkìtì koríko rẹ̀. Gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà mẹ́ta, ẹnubodè àtijọ́ rẹ̀ sì dúró títí di òní. Àwọn ará Róòmù ni ó tẹ ìlú náà dó ní ọdún 71, ibẹ̀ sì ni Septimius Severus, ọba wọn tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní ibi tí à ń pè ní Líbíà lónìí, kú sí ní ọdún 211. Mo máa ń ronú kan ìrìn àjò tirẹ̀ nígbà tí otútù bá mú. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé Minster ni yóò wọ̀ yín lọ́kàn jù. Ó gbà ju igba ọdún lọ kí wọ́n tó parí rẹ̀, ní ọdún 1472. Àwọn tí ń ṣèbẹ̀wò máa ń sanwó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wá jọ́sìn kì í san kọ́bọ̀, nítorí náà ìsìn ìrọ̀lẹ́ ni a ó jọ lọ. Àga Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà tí ó wà níbẹ̀ ni John Sentamu, ọmọ Ùgáńdà, jókòó lé láti ọdún 2005 títí di 2020.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó bá mi dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè tí ó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Mallard wà níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì eléèéfín aláwọ̀ búlúù tí ó sá eré 203 kìlómítà ní wákàtí kan ní ọdún 1938, tí ẹ́ńjìnnì eléèéfín kankan kò sì tíì borí rẹ̀ di òní. Tí àtùpà Bàbá Ọ̀fà bá ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ jẹ́ kí àbúrò mi ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó máa bọ̀. Mo fẹ́ fi í hàn àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Kí àbúrò mi fi ọjọ́ tí ẹ mú nínú oṣù Èbìbí ránṣẹ́ sí mi kí Ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀ tó kọjá, kí n lè gba àyè lẹ́nu iṣẹ́. Kí ó yan bàlúù tí yóò balẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ilẹ̀ má ṣú bá yín lọ́nà. Ẹ mú súwẹ́tà sínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe inú àpótí. Èmi àti àwọn ọmọ yóò ti dúró dè yín lábẹ́ agogo ńlá tí ó wà ní ibùdókọ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́.