Lẹ́tà Òpin Sáà Kejì sí Àwọn Òbí: Lórí Fíìmù Àròkọ Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìnáwó. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí a rí òpin sáà yìí láyọ̀.

Èsì ìdánwò wà lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Owó ilé-ìwé kò yí padà. A ó wọlé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé Ọdún Àjíǹde. Ẹ gé irun àwọn ọmọkùnrin kí wọ́n tó dé.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó kọ̀wé gan-an ni fíìmù tí ọmọ SS2 kan fi hàn ní Ọjọ́ Àbẹ̀wò. Fóònù ló fi ya ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ìyá rẹ̀ tó ti kógbá wọlé, tó sì ń fi ohùn ara rẹ̀ béèrè ìdí tí òun kò fi rántí ọjọ́ tí wọ́n kó máṣíìnì lọ. Àwọn òbí kan ní ọmọ ń tú àṣírí ilé. Àwọn mìíràn ní dókúmẹ́ńtárì kọ́ nìyẹn, pé “èmi, èmi” ti pọ̀ jù níbẹ̀.

“Èmi” yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Nínú fíìmù àròkọ, ẹni tó ń ya àwòrán kì í sá pamọ́ sẹ́yìn kámẹ́rà. Ó ń ronú sétí wa, ó ń ṣiyèméjì, ó sì ń jẹ́ kí a mọ ibi tí òun dúró sí. Àwọn ọmọ wa kọ́ ló dá a sílẹ̀. Chris Marker, olùṣe fíìmù ará Faransé, gbé àwòrán bọ́ọ̀sì kan ní Yakutsk, ní Siberia, jáde lẹ́ẹ̀mẹta nínú fíìmù kan náà: lákọ̀ọ́kọ́ ó yin ìlú náà, lẹ́ẹ̀kejì ó bú u, lẹ́ẹ̀kẹta kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Àwòrán kò yí padà rárá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló yí ohun tí ojú rò pé òun rí. Ní 1958, André Bazin, alárìíwísí fíìmù ará Faransé, pe iṣẹ́ yìí ní àròkọ. Ní 2000, Agnès Varda, olùṣe fíìmù ní Faransé, ṣe fíìmù nípa àwọn tó ń pèéṣẹ́ lóko, ó sì ya ọwọ́ ara rẹ̀ tó ti ń hunjọ mọ́ ọn, nítorí òun náà ń ṣa ohun tó kù. Nílẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín, Safi Faye ti Senegal fi ohùn ara rẹ̀ ṣe lẹ́tà nínú fíìmù, ní 1975, nípa abúlé àwọn ẹbí rẹ̀ àti ìnira àgbẹ̀ ẹlẹ́pà.

Ní ti àṣírí, ìyá ọmọ náà ló kọ́kọ́ wo fíìmù yẹn, òun ló sì ní kí a fi hàn. Síbẹ̀, mo gbà pé ó yẹ kí ìlànà wà. Láti sáà tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni tí ojú tàbí ohùn rẹ̀ bá wà nínú fíìmù ọmọ yóò fọwọ́ sí ìwé ká tó fi hàn. Fóònù yóò máa wà lọ́wọ́ olùkọ́ àfi lọ́jọ́ ẹgbẹ́ fíìmù.

Ẹgbẹ́ fíìmù kò ní túká. Èmi ni mo dá a sílẹ̀, mo sì ń rí èso rẹ̀: ọmọ tí kò lè kọ ìlàjì ojú ewé àròkọ ti ń kọ ojú ewé mẹ́rin, tó ń pa á rẹ́ tó tún ń tún un kọ, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè bá àwòrán mu. Olùkọ́ Yorùbá wa ń jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Mi ò rí irú ìtara bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́.

Ìwé àṣẹ wà nínú àpò ìwé èsì. Ẹ fọwọ́ sí i, kí ọmọ mú un wọlé. Òbí tí kò bá fẹ́ kí ọmọ òun kópa, kí ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, kì í ṣe lórí WhatsApp.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-ìwé