Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì sí Ẹ̀yin Òbí àti Alágbàtọ́

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìnáwó. Sáà kejì ti parí, a dúpẹ́ pé gbogbo wa la bá òpin rẹ̀ láyọ̀.

Èsì ìdánwò wà lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì. Ẹni tó bá ti san gbèsè rẹ̀ tán ni yóò gbà á. Ìsinmi jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àmọ́ ọ̀sẹ̀ kan ni fún SS 3 nítorí WAEC. Adágún ẹja tí mo ní kí a gbẹ́ lẹ́yìn yàrá sáyẹ́ǹsì ti ń mówó wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ ẹja àrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ eré ìdárayá mọ bó ṣe dùn tó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Ìrìn Ìtàn, ìyẹn ẹsẹ̀ tí a ń fi rìn pẹ̀lú àwọn ọmọ káàkiri ìlú Ẹ̀pẹ́ wa yìí láti kọ́ ìtàn rẹ̀, tí ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí Wọ́ṣáàpù ẹgbẹ́ òbí sinmi.

Ti owó ni n ó kọ́kọ́ sọ. ₦2,000 la gbà lọ́dún tó kọjá, ó di ₦3,500 báyìí. Bàbá kan bi mí pé, ṣé ẹsẹ̀ ọmọ òun lòun tún ń sanwó fún? Rárá, sà. Owó àgbà tó ń fọ̀nà hàn wá ni, àti ti nọ́ọ̀sì, omi àti ìpápánu.

Ti ọmọ méjì tí wọ́n ní a sọ nù: a kò sọ ẹnikẹ́ni nù. Ẹja díndín ni wọ́n dúró rà lọ́jà Olúwo, kò sì pé ogún ìṣẹ́jú tí a fi rí wọn. Síbẹ̀, ó yẹ kí olùkọ́ ti kà wọ́n kí a tó kúrò níbẹ̀, kò sì kà wọ́n. Mo ti bá a wí. Láti ìsinsìnyí lọ, olùkọ́ kan kò ní mójú tó ju ọmọ mẹ́wàá lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn tó ní a kọ́ ọmọ wọn láti bú Kòsọ́kọ́, Ọba Èkó nígbà kan. Ẹ gbọ́ ohun tí a sọ. Lóṣù Kejìlá 1851, àwọn Òyìnbó fi ìbọn àgbá kọlu Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ lórí oyè. Ìlú wa yìí ni òun àti èèyàn rẹ̀ padà wá fìdí kalẹ̀ sí, ohun tí a ń fi ọdún Káyókáyọ̀ rántí nìyẹn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1854, níhìn-ín ní Ẹ̀pẹ́, òun àti Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tọwọ́ bọ̀wé pé kò ní du Èkó mọ́, kò sì ní ta ẹrú mọ́, wọn yóò sì máa fún un lówó lọ́dọọdún. Inú ìwé àdéhùn ni ọ̀rọ̀ ẹrú yẹn wà, àwa kọ́ la fi kún un. A sì tún sọ fún wọn pé àwọn Òyìnbó kan náà tó ní òwò ẹrú làwọn ń bá jà ló gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní 1861, etí ọ̀sà wa yìí náà ni ọmọ ogun wọn sì gúnlẹ̀ sí ní 1892 kí wọ́n tó lọ bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọ̀n. Ta la wá bú níbẹ̀?

Àwọn òbí Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, apá àwọn tó ti wà níbí kí Kòsọ́kọ́ tó dé, ní, kí ló dé tó jẹ́ ọ̀dọ̀ Èkó-Ẹ̀pẹ́, apá àwọn tó bá a wá, la ti bẹ̀rẹ̀? Nítorí oòrùn ni o! Ibẹ̀ ni ibòòji wà láàárọ̀. Ọ̀dọ̀ yín la ó ti bẹ̀rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀, kí ara lè tu gbogbo wa.

Ọmọ JSS 2 kan wá bá mi ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì. Ìyá ìyá rẹ̀ ń gbé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó l'Ékòó, kò sì mọ̀ rí pé àwọn tó tẹ̀lé Òṣòdì Tápà, olórí ogun Kòsọ́kọ́, kúrò ní Ẹ̀pẹ́ padà sí Èkó ní 1862 ló tẹ ibẹ̀ dó. Ó ní òun fẹ́ lọ sọ fún ìyá àgbà. Nítorí náà, Ìrìn Ìtàn kò ní dúró.

Fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ fi rán ọmọ padà lọ́jọ́ ìwọlé. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ, kó kọ ọ́ síbẹ̀. Ọmọ náà yóò dúró kàwé lọ́gbà, a kò ní fìyà jẹ ẹ́. Àwọn tó ń lọ, ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n wọ bàtà gidi. Ọmọ mẹ́fà ló wọ sìlípáàsì wá lọ́jọ́sí.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé Ẹ̀kọ́